Iṣẹ́ ọnà ìgbà díẹ̀ nínú kọ̀rọ̀ àdúgbò wa ní Ẹ̀pẹ́: báwo ni kí á ṣe gbé e kalẹ̀?

Akọ̀wé Ọ̀dọ́ (Ẹ̀pẹ́):

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa, mo kí yín o. Ọ̀rọ̀ kọ̀rọ̀ kan ní àdúgbò wa ní Ẹ̀pẹ́ ni mo gbé wá síwájú yín. Kọ̀rọ̀ náà há, ó gba àárín àwọn ilé àtijọ́ kọjá láti òpópónà lọ sí ẹ̀bá ọ̀sà; ibẹ̀ ni àwọn ọmọ iléèwé ń gbà, ibẹ̀ náà sì ni àwọn ìyá tí ń ru ẹja lọ sọ́jà ń gbà ní ìdájí. Ó pẹ́ tí àwọn ènìyàn ti ń da pàntí síbẹ̀. Àwa ọ̀dọ́ inú ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò ti kó pàntí náà kúrò, a sì ti fọ gọ́tà rẹ̀, ṣùgbọ́n a mọ̀ pé bí a bá fi ibẹ̀ sílẹ̀ lásán báyìí, ìdọ̀tí yóò tún padà síbẹ̀.

Ohun tí a ń gbèrò ni pé kí àwọn ará àdúgbò fúnra wọn, tọmọdé tàgbà, fi ọwọ́ ara wọn ṣe iṣẹ́ ọnà sí ara ògiri kọ̀rọ̀ náà àti sí òkè rẹ̀, kí ó wà níbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ní àkókò ọdún Káyó-káyó, ọdún tí a fi ń ṣe ìrántí bí àwọn baba ńlá Èkó-Ẹ̀pẹ́ ṣe ti Èkó dé síhìn-ín, nígbà tí àwọn ọmọ Èkó-Ẹ̀pẹ́ bá ti ibi gbogbo wálé, lẹ́yìn náà kí a kó o kúrò pátápátá. A kò fẹ́ pe ayàwòrán kan láti ìta kí ó wá yà á fún wa, kí ó gba owó, kí ó sì máa lọ. A fẹ́ kí ọmọ tó ń gba ibẹ̀ lọ sí iléèwé lè na ìka sí ibì kan lára ògiri pé òun ni òun ṣe é.

Nígbà tí mo gbé e dé ìpàdé, àwọn bàbá wa bi mí ní ìbéèrè kan tí n kò lè dáhùn bó ti yẹ. Wọ́n ní kí ni èrè kí a ṣe wàhálà lé ohun tí a ó fi ọwọ́ ara wa tú palẹ̀? Wọ́n ní bí a bá fẹ́ kun ògiri, kí a dáwó, kí a ra ọ̀dà elépo tó dára, kí a kùn ún lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí ó sì wà bẹ́ẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá. Ó dá mi lójú pé bí ó ṣe jẹ́ ti ìgbà díẹ̀ yẹn gan-an ni yóò jẹ́ kí ó ṣeé ṣe, àmọ́ n kò rí ọ̀rọ̀ tí mo lè fi sọ ọ́ tí yóò wọ̀ wọ́n létí. Mo tún fẹ́ mọ ohun èlò tí a lè lò tí owó rẹ̀ kò ní ga jù, nítorí pé Iléyá ti bọ́ sí àsìkò òjò báyìí, Káyó-káyó tó ń tẹ̀ lé e sì ń bọ́ sínú òjò pẹ̀lú. Mọ́sálásí kékeré kan wà ní ẹnu kọ̀rọ̀ náà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn bí ẹ bá ń dá mi lóhùn.

Ìyá Aláró (Ìkòròdú):

Àbúrò mi, o kú iṣẹ́ àdúgbò. Má jẹ́ kí ìbéèrè àwọn bàbá yẹn mú ọ rẹ̀wẹ̀sì, ìbéèrè tó dára ni, ìdáhùn rẹ̀ sì wà nílé wa kí a tó lọ wá a sí òkèèrè. Ní Ilé-Ifẹ̀, àwọn obìnrin ni wọ́n ń ya ara ògiri ojúbọ Òrìṣà Ìkirè. Bí ọdún òrìṣà náà bá ti ń súnmọ́, wọ́n a tún ògiri náà kùn, wọ́n a sì ya tuntun lé ti èṣí lórí. Kò sí ẹni tó ń dárò ti èṣí, nítorí pé títún un yà gan-an ni iṣẹ́ náà. Bó bá jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n yà á kí ó wà títí, níbo ni àwọn ọmọbìnrin tó dàgbà lẹ́yìn wọn ìbá ti rí i kọ́? Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí láyé àtijọ́ lọ́dọ̀ àwọn Ìgbò ní agbègbè Owerri: ilé Mbari tí wọ́n ń fi amọ̀ mọ fún Ala, òrìṣà ilẹ̀, kún fún ère, iṣẹ́ rẹ̀ a sì máa gba oṣù púpọ̀, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti ṣí i tán fún ìlú wò, wọ́n a fi í sílẹ̀ fún òjò. Wọn kì í tún un ṣe. Bí àkókò bá tó, wọ́n a mọ òmíràn.

Àwọn ará òkèèrè náà mọ irú rẹ̀. Ní ìlú Antigua ní orílẹ̀-èdè Guatemala, bí Ọ̀sẹ̀ Mímọ́ bá dé, àwọn ará àdúgbò a kó ìyẹ̀ igi tí ayùn rẹ́ sílẹ̀, wọ́n a pa á láró, wọ́n a fi òun àti òdòdó ṣe ọnà sí ojú pópó bí ìgbà tí ènìyàn tẹ́ ẹní aláràbarà, ọ̀pọ̀ wákàtí ni wọn a sì fi ṣe é. Lẹ́yìn náà, àwọn tó gbé ère Jésù a fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ kọjá, ó tán. Ohun tó wú mi lórí nínú rẹ̀ ni pé ẹbí kọ̀ọ̀kan a máa ṣe apá tó wà níwájú ilé rẹ̀. Èyí bá ohun tí o fẹ́ mu gan-an.

Ṣùgbọ́n ìdí kan wà tó wúlò ju gbogbo àpẹẹrẹ yìí lọ, òun ni kí o fi ṣáájú bí o bá padà dé ìpàdé. Onílé tí ẹ bá bẹ̀ pé kí ó fi ògiri rẹ̀ sílẹ̀ títí láé yóò ronú nípa àwọn ọmọ rẹ̀, nípa ẹni tó lè fẹ́ ra ilé náà, àti nípa àwòrán tí ojú rẹ̀ lè má fẹ́ rí mọ́ ní ọdún tó ń bọ̀, yóò sì sọ pé òun kò lè gbà. Ẹni tí ẹ bá bẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, tí ẹ dá ọjọ́ tí ẹ ó kó o kúrò fún un, tí ẹ sì sọ orúkọ àwọn tí yóò wá kó o, yóò fún yín láyè. Àwọn ọmọdé náà ńkọ́? Bí iṣẹ́ náà bá jẹ́ ti ọdún mẹ́wàá, àgbàlagbà ni yóò gba búrọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ wọn kí wọ́n má baà bà á jẹ́. Nígbà tó jẹ́ ti ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ẹ lè fún ọmọ ọdún márùn-ún ní ọ̀dà láìbẹ̀rù, ẹlòmíràn yóò sì tún ní tirẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀. Ohun tí àwọn bàbá ń pè ní àdánù ni ó ń ṣí ilẹ̀kùn fún gbogbo ènìyàn wọlé.

Ní ti ohun èlò, ẹ má fi ọ̀dà elépo kan ògiri yẹn rárá. Ògiri ilé àtijọ́ tó wà létí ọ̀sà a máa fa omi láti ilẹ̀ gòkè, iyọ̀ a sì máa bá omi náà jáde sí ojú rẹ̀. Bí ẹ bá fi ọ̀dà elépo dí i pa, omi kò ní rí ọ̀nà jáde mọ́, ọ̀dà náà a wú, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í bó. Ọdún mẹ́wàá tí wọ́n ń sọ yẹn kò lè ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Èfun tí a pò mọ́ omi ni kí ẹ fi ṣe ilẹ̀ ògiri. Osùn yóò fún yín ní pupa, aró èlú yóò fún yín ní búlúù tó jinlẹ̀, èédú tí a lọ̀ kúnná yóò sì fún yín ní dúdú. Ẹ se láfún pẹ̀lú álọ́ọ̀mù díẹ̀, irú èyí tí àwọn aládìrẹ ẹlẹ́kọ fi ń ya aṣọ, kí ẹ fi pò wọ́n kí wọ́n lè di ògiri mú. Bí ọjọ́ bá pé, omi àti búrọ́ọ̀ṣì líle ni ẹ ó fi fọ̀ wọ́n kúrò. Bí osùn tàbí aró bá fi àbàwọ́n sílẹ̀, èfun ni ẹ ó fi bò ó.

Àwọn àwọ̀ wọ̀nyí kò lè dúró de òjò tó ń rọ̀ lù wọ́n tààrà. Abẹ́ ìbòrí òrùlé nìkan ni kí ẹ yà wọ́n sí, kí ẹ sì fi ohun tí a lè so sókè ṣe ìyókù kọ̀rọ̀ náà. Ẹ má sì fi láfún lẹ bébà mọ́ ìsàlẹ̀ ògiri, nítorí pé ewúrẹ́ yóò jẹ ẹ́ tán kí ilẹ̀ tó mọ́.

Oníṣẹ́ Iná (Ẹ̀pẹ́):

Ẹ kú ọ̀rọ̀ àdúgbò o. Níwọ̀n ìgbà tí ẹ ti ń sọ̀rọ̀ síso nǹkan sókè, ẹ kọ́kọ́ wo wáyà tó gba ibẹ̀ wọ inú àwọn ilé. Ẹ má so okùn kankan mọ́ òpó iná tàbí mọ́ wáyà, kódà bí kò bá sí iná lọ́jọ́ náà, nítorí pé wọ́n lè mú un dé nígbàkigbà, aṣọ tí òjò bá sì ti rin lè gbé iná dé ọwọ́ ọmọ tó bá fà á. Ẹ ri òpó ọparun tiyín mọ́lẹ̀, kí ó jìnnà sí wáyà. Ẹ sì rántí àwọn ìyá tó ń ru ẹja: kì í ṣe gíga ènìyàn ni kí ẹ wò, gíga ìyá tó gbé ọpọ́n ńlá lórí ni kí ẹ wò. Èyí tó bá rọ̀ sílẹ̀ jùlọ nínú gbogbo ohun tí ẹ bá so gbọ́dọ̀ fi ẹsẹ̀ bàtà 10 ga sí ilẹ̀.

Bàbá Onílé (Ẹ̀pẹ́):

Ilé tí bàbá mi kọ́ ni mò ń gbé, kọ̀rọ̀ sì gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, nítorí náà ọ̀rọ̀ yìí kàn mí. Ní àsìkò ìbò kan, àwọn kan wá lẹ àwòrán ẹni tí wọ́n fẹ́ kí a dìbò fún mọ́ ògiri mi láti òkè délẹ̀, wọ́n sì ṣèlérí pé bí ìbò bá ti parí, àwọn yóò wá ká a kúrò. N kò rí ẹnì kankan nínú wọn. Nígbà tí mo ní kí wọ́n bá mi há a, síméǹtì bá a já, amọ̀ abẹ́ rẹ̀ sì yọ síta. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ pé ọ̀rọ̀ ẹnu kò tó. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé: ọjọ́ tí ẹ ó bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ tí ẹ ó kó o kúrò, ẹni tí yóò fi èfun tún ògiri kùn, àti ibi tí owó ìkùn náà wà kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Kí onílé kọ̀ọ̀kan fọwọ́ sí i, kí alága ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè náà fọwọ́ sí i, kí ẹ sì fún olúkúlùkù ní ẹ̀dà tirẹ̀. Ẹ má kan ìṣó kankan mọ́ ògiri amọ̀ tí wọ́n fi síméǹtì rẹ́ lójú, nítorí pé ihò ìṣó kan lè já ìpele síméǹtì tó fẹ̀ bí àtẹ́lẹwọ́ sílẹ̀.

Ìyá Aláró, mo gbọ́ ọ̀rọ̀ yín, mo sì fara mọ́ púpọ̀ nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ibì kan wà tí ọ̀rọ̀ wa kò ti dọ́gba. Àwọn nǹkan kan wà nínú kọ̀rọ̀ yẹn tí kò gbọ́dọ̀ jẹ́ ti ìgbà díẹ̀. Bí ìyá tó ru ẹja ní ìdájí bá ń kọsẹ̀ nínú òkùnkùn, kí ni iṣẹ́ ọnà fẹ́ ṣe fún un? Kí wọ́n fi ìdá kan nínú owó tí wọ́n bá dá ra iná kan tó ń lo oòrùn, kí wọ́n sì fi ìdérí kọnkéré bo gọ́tà, kí àwọn méjèèjì sì wà níbẹ̀ lẹ́yìn tí a bá ti kó ìyókù kúrò. Bí ẹ bá gbé e bẹ́ẹ̀ síwájú àwọn àgbà, mo rò pé ẹnu wọn yóò kò, nítorí pé ohun tí wọ́n ń bẹ̀rù ni pé kí owó àdúgbò má wọ inú omi.

Ẹ tún ṣọ́ra fún àwọn ilé-iṣẹ́ tí yóò ní kí ẹ jẹ́ kí àwọn fún yín ní ọ̀dà lọ́fẹ̀ẹ́ bí ẹ bá lè ya àmì àwọn sí ara ògiri. Bí àmì ọjà bá ti wọ inú rẹ̀, ó ti di ìpolówó nìyẹn, ìpolówó ìta gbangba ní ìpínlẹ̀ Èkó sì wà lábẹ́ àṣẹ LASAA, àjọ tí ìjọba dá sílẹ̀ ní ọdún 2006 láti máa mójútó pátákó àti àmì ìpolówó. Ẹ kò nílò wàhálà ìwé àṣẹ àti owó sísan nítorí garawa ọ̀dà méjì.

Ìyá Ránṣọ (Àgbádárìgì):

Mo kí gbogbo yín. Ẹ̀yin tó wà ní Ẹ̀pẹ́ ní ohun èlò kan tí àwọn ará ìlú mìíràn kò ní tó bẹ́ẹ̀: àwọ̀n tó ti gbó. Ẹ lọ bẹ àwọn apẹja kí wọ́n fún yín ní èyí tí wọn kò lè tún dí mọ́, kí ẹ fọ̀ ọ́ mọ́, kí ẹ sì gba ègé aṣọ lọ́wọ́ àwọn aránṣọ, nítorí pé kò sí ṣọ́ọ̀bù wa tí àpò ègé àǹkárá kò kún nílẹ̀. Ẹ tẹ́ àwọ̀n náà sílẹ̀ ní àgbàlá, kí àwọn ìyá àti àwọn ọmọ jókòó yí i ká, kí wọ́n máa so ègé aṣọ kọ̀ọ̀kan mọ́ ojú àwọ̀n kọ̀ọ̀kan títí tí yóò fi di odidi aṣọ, lẹ́yìn náà kí àwọn ọkùnrin gbé e gun orí òpó ọparun. Omi òjò yóò gba inú rẹ̀ kọjá, atẹ́gùn ọ̀sà yóò máa fẹ́ ẹ, àwọ̀ rẹ̀ kò sì ní ṣàn lọ. Ọ̀pọ̀ ìyá tí kò ní gbà láé láti di búrọ́ọ̀ṣì mú yóò jókòó so aṣọ. Mo ka èyí sí ju ẹwà rẹ̀ lọ.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ka iye àwọ̀n tí ẹ bá so, kí ẹ sì rí i pé iye kan náà ni ẹ sọ̀ kalẹ̀. Àwọ̀n ọ̀rá òde òní kì í jẹrà nínú omi. Bí atẹ́gùn bá gbé ẹyọ kan wọ inú ọ̀sà, yóò máa mú ẹja, yóò sì máa pa wọ́n fún ìgbà pípẹ́ láìsí ẹni tó ń jẹ wọ́n, àwọn apẹja tó fún yín ní àwọ̀n náà ni ẹ ó sì ti ṣẹ̀.

Bákan náà, ẹ má rò pé nítorí pé màrìwò wà lọ́fẹ̀ẹ́, kí ẹ fi ta ẹnu kọ̀rọ̀. Ẹni tó bá rí màrìwò lẹ́nu ọ̀nà nílẹ̀ Yorùbá lè rò pé awo wà níbẹ̀, yóò sì yà kúrò, pàápàá àwọn obìnrin. Lọ́dọ̀ wa níhìn-ín náà, bí ènìyàn bá rí ràfíà tó bolẹ̀, Zangbeto, awo àwọn Ègùn, ni ọkàn rẹ̀ ń lọ sí. Ohun tí ẹ fẹ́ kí gbogbo ènìyàn gbà kọjá, ẹ má fi àmì ìdádúró sí i lẹ́nu.

Bí ẹ bá fẹ́ àpẹẹrẹ tó súnmọ́ yín, ẹ wo James Town ní Accra, àdúgbò apẹja bíi tiyín, níbi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ọdún Chale Wote, ọdún iṣẹ́ ọnà ojú pópó, ní ọdún 2011. Ojú pópó àti ara ògiri ilé àdúgbò náà ni wọ́n lò, kì í ṣe inú gbọ̀ngàn kan tí a ń sanwó wọ̀.

Akọ̀wé Ọ̀dọ́ (Ẹ̀pẹ́):

Ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ̀yin àgbà mi. Mo ti ka àwọn èsì yín fún àwọn ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ wa, a sì ti fẹnu kò lórí àwọ̀n, ègé aṣọ, èfun àti ìwé àdéhùn. Bàbá Onílé, a ó fi ti iná olóòrùn àti ìdérí gọ́tà ṣáájú nínú ìwé tí a ó gbé lọ sí ìpàdé, nítorí pé òótọ́ ni ọ̀rọ̀ yín. Ohun tó kù tó ń da ọkàn wa láàmú ni ohun tí a ó yà. Àwọn kan nínú wa fẹ́ kí a ya Kòsọ́kọ́, Ọba Èkó nígbà kan, sí ògiri tó tóbi jù, nítorí pé ìrántí dídé rẹ̀ ni Káyó-káyó. Àwọn mìíràn ní kò yẹ kí àwòrán ènìyàn wà ní ẹ̀gbẹ́ mọ́sálásí.

Olùkọ́ Ìtàn (Ẹ̀pẹ́):

Àbúrò, ó dára tí ẹ béèrè kí ẹ tó yà á. Kòsọ́kọ́ àti àwọn ènìyàn rẹ̀ dé Ẹ̀pẹ́ lẹ́yìn tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ìbọn lé e kúrò ní Èkó ní oṣù Kejìlá ọdún 1851. Ó bá wọn tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn ní Ẹ̀pẹ́ ní 1854, ó sì padà sí Èkó ní 1862, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó tẹ̀ lé e dúró síhìn-ín, àwọn ni a ń pè ní Èkó-Ẹ̀pẹ́. Ṣùgbọ́n ìlú ti wà kí wọ́n tó dé. Àwọn Ìjẹ̀bú-Ẹ̀pẹ́ ti wà níbẹ̀, wọ́n sì ní ìtàn tiwọn nípa Huraka ọdẹ tó tẹ ibẹ̀ dó. Mo bẹ̀ yín, ẹ wo àwọn tó ń gbé nínú kọ̀rọ̀ náà. Bí ìdílé kan ṣoṣo tó jẹ́ Ìjẹ̀bú-Ẹ̀pẹ́ bá wà níbẹ̀, tí ẹ sì fi ojú Kòsọ́kọ́ bo ògiri tó dojú kọ ẹnu ọ̀nà wọn, wọn kò ní ka iṣẹ́ náà sí tiwọn, ohun tí ẹ sì ń wá kò ní tẹ̀ yín lọ́wọ́. Ìtàn Kòsọ́kọ́ ní àyè tirẹ̀ lọ́jọ́ ọdún fúnra rẹ̀, nínú orin, nínú àsọyé àti nínú ìwọ́de.

Ẹ ya ohun tí a jọ ní. Ìgbì ọ̀sà, àjẹ̀, ọkọ̀ ojú omi, ojú àwọ̀n àti ìgẹ̀rẹ̀ kì í ṣe ti ìhà kan. Bí ẹ bá ya wọ́n gẹ́gẹ́ bí ọnà, láìsí ojú ènìyàn tàbí ti ẹranko, ẹ ó ti fi ọ̀wọ̀ fún mọ́sálásí náà pẹ̀lú, nítorí pé ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí kì í fẹ́ àwòrán ohun ẹlẹ́mìí níbi tí wọ́n ti ń kírun.

Ní ti bí ẹ ó ṣe pín iṣẹ́, ẹ wo adìrẹ ẹlẹ́kọ àtijọ́ tí wọ́n pín sí ojú onígun mẹ́rin-mẹ́rin, tí ọnà inú ọ̀kan kò sì jọ ti èkejì. Ẹ fi okùn àti èédú pín ògiri bẹ́ẹ̀, kí ẹ fún agbo ilé kọ̀ọ̀kan ní ojú kan. Kí ẹnikẹ́ni má tún ti ẹlòmíràn ṣe, bó ti wù kí ó rí lójú rẹ̀. Kí ẹ sì fi bí ojú mẹ́ta sílẹ̀ láìyà fún àwọn tí yóò ti Èkó àti òkè òkun dé nígbà ọdún, kí wọ́n lè bá yín fi ọwọ́ sí i dípò kí wọ́n kàn máa ya fọ́tò níwájú rẹ̀.

Ẹ lọ bá Lemọ́mù kí ẹ tó ra èfun rárá. Ẹ mú àpẹẹrẹ ọnà náà dání lórí bébà, kí ẹ sì mú ọ̀kan nínú àwọn bàbá tó bi yín ní ìbéèrè ní ìpàdé lọ́wọ́ lọ, nítorí pé ọ̀rọ̀ náà yóò rọrùn bí àgbà bá jẹ́ ẹni tó kọ́kọ́ sọ ọ́.